Aago Tí Mo Gbàgbé Láti Tẹ̀

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àkọ́bí mi obìnrin nígbà tí obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá wá sí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó kúrú, ó sanra díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dún ju agogo ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ. Ó ní òun àti àwọn òbí mélòó kan ti dá ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ agbègbè wa, pé òtẹ́ẹ̀lì kan lójú ọ̀nà Ṣàgámù ti gbà kí àwọn máa lo omi ìlúwẹ̀ẹ́ wọn láàárọ̀ Sátidé, kí àwọn àlejò tó jí. Ó wo ojú àwa olùkọ́ tí a jókòó yí i ká, ó ní àwọn ọmọ Rẹ́mọ mọ igi gùn, wọ́n mọ bọ́ọ̀lù gbá, àmọ́ omi tí wọ́n mọ̀ kò ju èyí tó wà nínú ike ìwẹ̀ lọ. Ó wá bi wá pé ta ni nínú wa tó lè lúwẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó nawọ́.

Èmi gan-an ò jẹ́ nawọ́. Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù ni wọ́n bí mi sí. Obì ni ìyá mi ń tà, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ náà ṣe tà á, a sì dàgbà láàárín agbọ̀n obì àti ewé tí wọ́n fi ń bò ó. Obìnrin tí kò bẹ̀rù oníbàárà, tí kò bẹ̀rù ọlọ́kọ̀, ẹ̀rù omi ló ń bà á. Kì í jẹ́ ká sún mọ́ omi tó bá ti ju orókún lọ. Bí a bá ń kọjá lórí afárá, á ní ká di ọwọ́ òun mú gírígírí, àfi bí ẹni pé odò náà lè gòkè wá mú wa. Kò ṣàlàyé ìdí rẹ̀ rí, àwa náà ò sì bi í. Bí mo ṣe lọ sílé ọkọ nìyẹn, tí mo bímọ méjì, láìmọ bí ó ṣe ń rí lára ẹni tó bá gbé ara rẹ̀ lé omi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi sọ fún mi pé òun fẹ́ lọ. Ó yà mí lẹ́nu. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí wọ́n bá ń pín nǹkan ní kíláàsì, òun ni yóò dúró títí gbogbo ènìyàn á fi mú tán kó tó na ọwọ́. Mo wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí n jẹ́ kó lọ, pé bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́.

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ẹkún ló fi sọ ọ́, fún odidi Sátidé mẹ́rin. Á wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀, á de fìlà rọ́bà mọ́rí, á rìn dé etí omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì dúró síbẹ̀ bíi pé wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti máa ta omi síra wọn lójú, òun á máa sunkún láìpariwo. Síbẹ̀, bí mo bá ní ká máa lọ sílé, á mi orí pé rárá. Màmá Kóòṣì, bí gbogbo wa ṣe ń pe obìnrin yẹn, kò fipá mú un. Á ró ìró mọ́ orí aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tirẹ̀, á jókòó tì í, á ti ẹsẹ̀ bọ omi, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn pátápátá: kí ni wọ́n sè nílé lánàá, ṣé àkùkọ ilé wọn máa ń kọ kílẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó di Sátidé kẹrin, ó fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní kó máa bu omi sínú abọ́ ńlá, kó ki ojú bọ̀ ọ́, kó sì máa fẹ́ atẹ́gùn jáde lẹ́nu títí omi á fi máa hó bí ìkòkò ẹ̀kọ.

Ilé ìdáná wa kò gbẹ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ló ń bá a ka iye tó fi wà nínú abọ́, bó bá sì ti ka mẹ́wàá tán, á lù ú lẹ́yìn pé ó tó. Ní Sátidé karùn-ún, ọmọ mi wọ inú omi láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọjú sí òbí kan, à ń sọ̀rọ̀ nípa iye tí ìrẹsì dà, nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, ọmọ mi ti dùbúlẹ̀ gbalaja lórí omi, ó ń wojú ọ̀run, ọwọ́ Màmá Kóòṣì sì ti kúrò lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ni mo bá kígbe. Igbe tí mo ké pọ̀ débi pé ẹ̀ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì sáré wọlé pẹ̀lú kóńdó lọ́wọ́.

Igbe yẹn ló di orúkọ mi nínú ẹgbẹ́. Bí àwọn ọmọ bá ń wẹ̀, mi ò lè jókòó. Mo ń tẹ̀ lé wọn létí omi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń ju apá bíi tiwọn, mo ń pe orúkọ gbogbo wọn. Àwọn òbí yòókù ń fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, Màmá Kóòṣì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi aago kékeré kan tó ní okùn lé mi lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí sárésáré lò. Ó ní láti òní lọ, iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo rò pé ó pọ́n mi lé ni. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan ló tó jẹ́wọ́ fún mi pé òun kàn ń wá ohun tí yóò pa mí lẹ́nu mọ́ ni.

Iṣẹ́ náà kò le. Bí fèrè bá ti dún, wàá tẹ aago kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka. Bí ọmọ tó wà ní ìlà tìẹ, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ní kó o máa ṣọ́ nínú omi, bá ti fọwọ́ kan ògiri, wàá tún un tẹ̀ kó dúró. Màmá Kóòṣì kọ́ mi pé kí n má ṣe máa wo ọmọ tó ń bọ̀, ògiri ni kí n tẹjú mọ́, nítorí ojú tó bá ń bá ọmọ bọ̀ yóò pẹ́ kó tó rí ọwọ́ rẹ̀. Ó tún ní òbí kankan kò gbọdọ̀ dúró sí ìlà ọmọ tirẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń ṣe é dáadáa. Láàárín ọdún kan, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tèmi nínú ẹgbẹ́ wa. Ọmọ mi náà, láàárín ọdún kan yẹn, ti di ẹni tí wọ́n ń wá ọmọ tó lè bá a dé ògiri. Ó mọ èyí tí wọ́n ń dojú bolẹ̀ wẹ̀, ó mọ ti ẹ̀yìn, ó mọ èyí tí Màmá Kóòṣì ń pè ní ọ̀pọ̀lọ́ nítorí bí wọ́n ṣe ń ta ẹsẹ̀. Kò tún jẹ́jẹ́ mọ́ nínú omi. Lórí ilẹ̀, ó ṣì ń dúró kí gbogbo ènìyàn mú tán.

Ìyá mi kò fara mọ́ ọn. Nígbàkúgbà tí a bá lọ kí i ní Ṣàgámù, á fọwọ́ kan irun ọmọ náà, á bi mí bóyá ó ti gbẹ, àní bó bá jẹ́ ọjọ́rú. Nígbà tí mo sọ fún un pé wọ́n ti mú ọmọ rẹ̀ fún gálà àkọ́kọ́, ó ronú díẹ̀, ó ní kí ni ọmọ kékeré ń wá lọ sídìí gálà, ṣé kò lè ra èyí tí wọ́n ń nà sí èrò ọkọ̀ lójú fèrèsé ní ìkóríta ni? Mo ṣàlàyé fún un pé ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ ni, pé ẹgbẹ́ mẹ́rin ni yóò pàdé. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ ló tó bi mí pé ọjọ́ wo ni. Ó ní bí wọ́n bá máa ju ọmọ òun sínú omi lójú gbogbo ayé, ó yẹ kí ẹnì kan nínú ìdílé òun wà níbẹ̀ tí yóò ní làákàyè.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ti ń gbé, lápá Ìlíṣàn, ló gba gálà náà lálejò. Nígbà tí a débẹ̀ láàárọ̀, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí omi ìlúwẹ̀ẹ́ wọn, omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí àwọn ìlà dúdú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ta okùn onírọ́bà pupa àti funfun sí i, ó pín in sí ọ̀nà mẹ́fà. Ẹgbẹ́ kan wá láti Abẹ́òkúta, òmíràn láti Ìjẹ̀bú-Òde, ìkẹta sì wá láti Ògìjo, nínú bọ́ọ̀sì kékeré kan tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ ti ń kọrin láti ìta gbangba. Fìlà ẹgbẹ́ tiwa jẹ́ búlúù. Ti àwọn ọmọ Ògìjo jẹ́ pupa. Ìyá mi ti dé ṣáájú wa. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé kúlà ìkọ́kọrẹ́ tì í, ó da ìborùn borí, ó sì jókòó síbi tó jìnnà sí omi dáadáa.

Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje ni wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀. Bí mo bá rántí wọn báyìí, ẹ̀rín ṣì máa ń pa mí. Ọ̀kan nínú wọn dé àárín omi, ó rí ìyá rẹ̀, ó dúró, ó di okùn mú, ó sì juwọ́ sí i títí ìyá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ máa lọ. Òmíràn ti ìlà kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀, ìlà kẹta ló parí sí. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún wọn bákan náà. Mo gbójú wo abẹ́ máńgòrò, mo rí i pé ìyá mi ti gbé ẹní rẹ̀ sún mọ́ iwájú díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá, àádọ́ta mítà, àlọ kan, àbọ̀ kan. Ọmọ mi wà ní ìlà kẹrin. Bàbá àgbà kan tó dé fìlà funfun ló ń darí gbogbo ètò, òun ló sì pín àwa tí a ń wo aago. Ìlà kejì ló fún mi. Ọmọ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó wá láti Ògìjo, ó tẹ́ẹ́rẹ́, apá rẹ̀ gùn, ó di irun rẹ̀ ní dídì gígùn tí fìlà pupa náà kò fẹ́ẹ̀ lè bò tán. Nígbà tó gun pèpéle tó wà níwájú mi, ó yíjú padà, ó kí mi pé ẹ káàárọ̀ mà. Mo dá a lóhùn. Mo ní kó ṣe dáadáa.

Fèrè dún, mo tẹ aago, wọ́n bẹ́ sómi.

Ní àlọ, ojú mi wà níbi tó yẹ kó wà. Mo tẹjú mọ́ ògiri ìlà kejì bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ti yí padà tí wọ́n ń bọ̀, mo gbọ́ tí àwọn òbí ẹgbẹ́ wa ń pariwo orúkọ ọmọ mi, mo sì gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ló bà á jẹ́. Fìlà búlúù kan àti fìlà pupa kan ti yọ síwájú àwọn yòókù, wọ́n ń bọ̀ ní ìdọ́gba, bí ọ̀kan bá ju apá, èkejì á jù ú. Ọmọ tó ń sunkún létí omi fún Sátidé mẹ́rin ni mo rí tó ń bọ̀ bí ẹja. Ayé pòórá mọ́ mi lójú. Mo ń fò, mo ń kígbe, mo ń ju apá, ọwọ́ méjèèjì wà lókè. Wọ́n kan ògiri. Mo yọ̀. Mo tún yọ̀. Nígbà tí mo fi máa wo ọwọ́ mi, aago náà ṣì ń ka.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ìdí tí mo fi tẹ̀ ẹ́, kò wúlò mọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ iye sílẹ̀ ti ń bọ̀ láti ìlà kìn-ín-ní, bàbá oní-fìlà-funfun sì ń tẹ̀ lé e. Ìlà kẹrin kò jìnnà sí ibi tí mo dúró, mo sì gbọ́ bí ẹni tó wà ní ìlà ọmọ mi ṣe ń sọ iye tirẹ̀ fún ẹnì kejì rẹ̀. Mo mọ iye tí ọmọ mi lò. Èyí ló burú níbẹ̀. Bí mo bá fi díẹ̀ kún un kí n sọ ọ́, ọmọ mi ló gba ipò kìn-ín-ní, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Mi ò ní purọ́ pé kò wá sí mi lọ́kàn. Ó wá. Ó jókòó níbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin náà fi kọ nǹkan sílẹ̀ tó sì gbé ojú sókè.

"Ìlà kejì?"

"Mi ò tẹ̀ ẹ́," ni mo wí.

Bàbá oní-fìlà-funfun rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Ẹ ò tẹ kí ni, mà?"

"Aago, sà. Nígbà tí wọ́n kan ògiri, mi ò tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi tó wà ní ìlà kẹrin ni mo ń wò."

Kò bínú. Ó dà bíi pé ì bá rọrùn fún mi bó bá bínú. Ó kàn gba aago náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó sì lọ bá àwọn méjì tó ń fojú ṣọ́ òpin eré. Ọ̀kan ní ìlà kejì ló kọ́kọ́ dé. Èkejì ní ìlà kẹrin ni. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí, àwọn kóòṣì méjèèjì náà dá sí i, lẹ́yìn náà ni bàbá náà kéde pé àwọn ọmọ méjèèjì yóò sinmi, pé bí wọ́n bá ti parí eré ẹlẹ́ni-mẹ́rin, níbi tí ọmọ mẹ́rin ti ń wẹ̀ tẹ̀ léra wọn fún ẹgbẹ́ wọn, àwọn méjì yẹn nìkan ni yóò tún un wẹ̀. Ó kéde ìdí rẹ̀ náà, kò sì dárúkọ mi, àmọ́ èmi nìkan ni kò ní aago lọ́wọ́ nínú gbogbo àwa tí a dúró níbẹ̀.

Ọmọ mi wá bá mi, aṣọ ìnura lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gbọ́.

"Mọ́mì, ẹ ò bá kàn sọ iye kan."

Olùkọ́ ni mí, mo ti sọ fún ọmọ ọlọ́mọ nígbà ọgọ́rùn-ún pé kó má purọ́, àmọ́ kì í ṣe èmi ló fèsì. Ìyá mi, tó ti dìde kúrò lórí ẹní rẹ̀ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ló dá a lóhùn. Ohùn Rẹ́mọ rẹ̀ tí kò yí padà rí ló fi bi í pé bó bá jẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n gbàgbé ńkọ́, ṣé yóò fẹ́ kí wọ́n kàn sọ iye kan? Ọmọ mi mu omi nínú ike rẹ̀, ó sì lọ jókòó.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n wá òbí ọmọ Ògìjo náà. Mo béèrè lọ́wọ́ kóòṣì wọn, ó ní ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, pé bàbá rẹ̀ ló ń bọ̀, kò sì tíì dé. Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan gba géètì wọlé. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ní àmì ọ̀rá lára, bàtà ńlá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò tíì sùn. Kóòṣì náà tọ́ka sí i. Mo lọ pàdé rẹ̀, mo kí i, kí n tó sì la ẹnu sọ ohun tó gbé mi wá, ó bi mí pé ṣé wọ́n ti ṣe ti àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá.

"Wọ́n ti ṣe é, sà," ni mo sọ.

Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun ló pẹ́ dé, pé ọ̀kadà méjì lòun gùn, tí òun sì tún sáré láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní gálà mẹ́ta lọmọ náà ti lọ, òun ò tíì rí i rí kó wẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, irú ẹ̀rín tí ènìyàn fi ń bo nǹkan.

"Yóò tún un wẹ̀," ni mo wí. "Èmi ni mo fà á."

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì tọrọ àforíjì. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Mo ń retí kó bá mi wí, mo ti múra sílẹ̀ fún un. Ó wo omi, ó wò mí.

"Ṣé ẹ ń sọ pé ẹ bá mi dá a dúró ni?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀rín gidi. Ó ní kí n má ṣe bínú sí ara mi mọ́, ó sì sáré lọ wá ọmọ rẹ̀.

Mo tẹ̀ lé e, a ò sì jìnnà kí a tó rí ọmọ náà. Orí ẹní ìyá mi ló wà. Fìlà pupa rẹ̀ ti fàya nígbà tó ń bọ́ ọ, Màmá Kóòṣì sì ti yá a ní ọ̀kan nínú fìlà búlúù tiwa, àmọ́ dídì gígùn yẹn kò jẹ́ kó wọlé. Ìyá mi ló pè é, tó mú un jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń ká dídì náà yípo orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ó ṣe máa ń to obì sínú agbọ̀n. Ọmọ mi jókòó níwájú wọn, ó di fìlà náà mú. Àwọn ọmọ méjèèjì ń sọ̀rọ̀. Ọmọ Ògìjo ń sọ pé òun kì í la ojú nígbà tóun bá ń bẹ́ sómi. Ọmọ mi ní òun náà kì í là á. Ó ní òun rò pé òun nìkan ni. Ìyá mi kọ̀ láti fún èyíkéyìí nínú wọn ní ìkọ́kọrẹ́ nítorí Màmá Kóòṣì ti kìlọ̀, ṣùgbọ́n ó bó ọsàn kan, ó pín in sí méjì fún wọn.

Wọ́n parí eré ẹlẹ́ni-mẹ́rin. Ẹgbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde ló gbà á, tiwa ṣe ẹ̀kẹta, inú àwọn ọmọ wa sì dùn bíi pé àwọn ló ṣe èkíní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwọn ọmọ méjì náà. Gbogbo ènìyàn dìde. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò yí omi ká, àwọn tó ti jáwé olúborí àti àwọn tí kò rí nǹkan kan gbà. Ẹlòmíràn ló wà ní ìlà kejì pẹ̀lú aago. Mo fẹ́ lọ dúró sẹ́yìn, Màmá Kóòṣì fà mí lápá wá síwájú.

"Ẹ ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ báyìí," ló wí. "Ẹ pariwo bó ṣe wù yín."

Fèrè dún. Mi ò lè ṣàpèjúwe ariwo tó sọ. Àwọn ọmọ méjèèjì jáde sókè omi ní àkókò kan náà, fìlà búlúù méjì, wọ́n sì lọ bẹ́ẹ̀ dé ògiri kejì. Níbi ìyípadà, ọmọ mi yára díẹ̀, ó yọ síwájú ní ìwọ̀n orí kan. Mo ń pariwo títí ohùn mi fi há. Bàbá ọmọ Ògìjo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò pariwo rárá, ó kàn di orí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń rìn tẹ̀ lé wọn nínú bàtà ńlá yẹn, omi ń ta sí i lára. Ní àárín àbọ̀, apá gígùn ọmọ Ògìjo yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ó ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó bá a, wọ́n jọ ń bọ̀. Ìyá mi ti wà létí omi pátápátá, ìborùn rẹ̀ ti sún sẹ́yìn, kò sì mọ èwo ni ọmọ rẹ̀ nínú àwọn oní-fìlà-búlúù méjì náà, nítorí náà ó ń pariwo fún àwọn méjèèjì pé kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n máa bọ̀.

Ọmọ Ògìjo ló kọ́kọ́ kan ògiri. Kò ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló rí i.

Mo wo ojú ọmọ mi. Ó gbé awò omi rẹ̀ sókè, ó wo bàbá oní-fìlà-funfun, ó rí ọwọ́ tó nà sí ìlà kejì. Ojú rẹ̀ ro, mo sì rò pé ẹkún ló kàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka iye fún wọn, àwọn méjèèjì sì ti yára ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ó bi ẹni tó wà ní ìlà rẹ̀ pé ṣé tòun nìyẹn lóòótọ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yọ́ gba abẹ́ okùn ìlà kẹta, ó yọ sí ìlà kejì, àwọn méjèèjì sì dì mọ́ra nínú omi, wọ́n ń fò sókè sódò, fìlà wọn ń gbá ara wọn. Bàbá ọmọ náà kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tó tutù, ó na apá méjèèjì sómi, ó sì fa ọmọ rẹ̀ jáde, òun àti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ rin gbindingbindin. Ìyá mi ló ń sọ Alihamudulilai fún gbogbo wa.

Lẹ́yìn náà, bàbá oní-fìlà-funfun wá bá mi. Mo rò pé ó fẹ́ sọ fún mi pé kí n má ṣe fọwọ́ kan aago mọ́. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Tíṣà, àwọn ọmọkùnrin ló kàn. Ẹni tó gbapò yín ti lọ, ìlà kejì ò ní ẹni tí yóò ṣọ́ ọ."

Mo padà síbẹ̀. Títí wọ́n fi parí gálà náà ní ọ̀sán, ojú mi kò kúrò lára ògiri, mi ò sì mọ ẹni tó gba kí ni nínú gbogbo eré tó kù, àfi ìgbà tí wọ́n ń pín mẹ́dà. Ọmọ mi gba fàdákà, ó sì tún gba idẹ nínú ti ọ̀pọ̀lọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é ló sáré jáde, kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Abẹ́ máńgòrò ni a ti jẹun. Ìkọ́kọrẹ́ ìyá mi tó gbogbo ẹgbẹ́ wa, ó tó bàbá àti ọmọ Ògìjo, ìyá mi sì bínú pé a kò jẹ tó. Ọkùnrin náà jẹ abọ́ kan, ó jẹ èkejì, ó sì fẹ̀yìn ti igi, oorun gbé e lọ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ ní ká má ṣe jí i. Ó fi mẹ́dà góòlù rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn, òun àti ọmọ mi sì padà lọ sí etí omi níbi tí àwọn ọmọ yòókù ti ń ṣeré.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ bàtà létí omi òtẹ́ẹ̀lì lójú ọ̀nà Ṣàgámù nígbà tí ọ̀kadà kan dúró ní géètì. Bàbá yẹn ló sọ̀ kalẹ̀, aṣọ ìsinmi wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpò. Ó ṣàlàyé fún Màmá Kóòṣì pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ẹgbẹ́ tiwọn ń rí omi lò, pé òun ti tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòṣì wọn kí ọmọ náà máa wá bá wa ṣe ìdánrawò ní àwọn Sátidé tó kù, bí ó bá tẹ́ wa lọ́rùn. Màmá Kóòṣì ní kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa bá a wẹ̀. Ọmọ mi ti gbọ́. Ó gbé aṣọ ìnura rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ńṣì, ó fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì bi ọmọ náà pé ṣé ó ti la ojú rẹ̀ bẹ́ sómi rí látìgbà náà.

Ọmọ náà ní kò tíì ṣe é. Ọmọ mi ní kí wọ́n jọ gbìyànjú rẹ̀ lónìí.